Àgọ́ Lórí Ilẹ̀ Ẹbí

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò sóhun tó burú nínú kí ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ra mọ́tò. Àwọn kan fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ ìyàwó kékeré. Àwọn mìíràn fẹ̀yìn tì, wọ́n di wòlíì. Theophilus Ọ̀nàfúwà, tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ń pè ní Ọ̀gá Theo, jíìpù ló rà ní tiẹ̀. Ó tún wá kó oríṣiríṣi ẹrù lé e, débi pé àwọn tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń já ẹrù náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ń bi ara wọn pé ibo logun ti bẹ́ sílẹ̀.

Tíṣà ni. Jọ́gíráfì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú títí ó fi di igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Kò sí aṣálẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sí òkè tí kò lè yà sójú pátákó láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í pé èwo ló fẹsẹ̀ tẹ̀ rí nínú wọn, á wúkọ́, á ní òun ti dé Òkè Olúmọ dáadáa. Àwọn ọmọ tó kọ́ ti wà ní Kánádà báyìí, wọ́n ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀. Tíṣà wọn wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú ìwé ló ti rí yìnyín. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, Tìmílẹ́yìn àkọ́bí rẹ̀ ra fóònù ńlá kan fún un. Fóònù yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá Theo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń wa jíìpù gba inú odò, tí wọ́n ń pàgọ́ sínú igbó, tí wọ́n ń yan ẹran níwájú àgọ́. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti ọkọ àti ìyàwó kan tó ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n kàn jókòó ti iná, tí wọn ò sọ nǹkan kan, tí inú wọn sì ń dùn. Ó máa ń wo ìyẹn ní àwòtúnwò.

Ìyàwó tiẹ̀ ńkọ́? Susannah lórúkọ rẹ̀, Mọ́mì Tìmí ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ṣe jù nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí ọkọ bá ń ti ilé-ìwé dé, ìyàwó ń múra àtilọ sí ọsibítù. Tí ìyàwó bá wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n, ọkọ ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri lábẹ́ àga. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn ọmọ wọn dàgbà nìyẹn, ọkùnrin náà sì ń tu ara rẹ̀ nínú pé kò burú, ọjọ́ tí àwọn bá fẹ̀yìn tì, àwọn á jókòó.

Wọ́n fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Susannah ò jókòó. Ó sùn. Oorun gbogbo ọdún yẹn ló ń gbà padà: tó bá ti jẹun alẹ́, tó bá ti gbàdúrà, ìrọ̀rí ló kàn. Ọ̀gá Theo á wá dá nìkan jókòó sí pálọ̀, á máa wo tọkọtaya òyìnbó tó ń yáná. Ó ń dùn ún. Kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́ ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀bú tó kàwé. Wọ́n lè ṣàlàyé bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lójú òkun láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n la ẹnu sọ fún ìyàwó wọn pé "àárò rẹ ń sọ mí", ó di ọ̀ràn. Dípò kí ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, ó lọ sí ọjà mọ́tò ní Ládípọ̀.

Jíìpù tó rà kì í ṣe kékeré. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá Theo fi ní láti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kó ju ẹsẹ̀ kan sókè, kó ké "Jésù!" kó tó lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àgọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká sínú báàgì. Jáàkì gbọọrọ kan tó ga dé àyà ènìyàn. Pákó rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táyà tó bá rì sínú iyanrìn, bẹ́ẹ̀ iyanrìn kan ò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde àfi èyí tí àwọn bíríkìlà bá já sílẹ̀. Iná tí wọ́n ń dè mórí bíi ti ọdẹ. Sítóòfù gáàsì tí kò ju ago tíì lọ. Síbí tó jẹ́ fọ́ọ̀kì lápá kejì. Ó wá fi wínṣì dé e ládé: ẹ̀rọ tó ní okùn irin, tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú mọ́tò kí mọ́tò lè fa ara rẹ̀ jáde tó bá há sínú ẹrọ̀fọ̀.

Susannah dúró láàárín pálọ̀, kò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí.

"Dádì Tìmí, kí ni gbogbo èyí?"

"Ohun èlò ni. A fẹ́ lọ sùn nínú igbó, ká gba atẹ́gùn."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti ìwọ ni, Mọ́mì Tìmí."

Susannah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sùn nínú àgọ́ torí pé wọn ò nílé. Ẹ̀yin kọ́lé, ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ wá ń wá aginjù kiri! Ẹ gbọ́, gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, orí àga ni mo ti ń tòògbé, tí ẹ̀fọn ń fi mí ṣe oúnjẹ. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara mi pé bẹ́ẹ̀dì mi nìkan ni mo máa na ẹ̀yìn lé mọ́ láyé yìí."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní ká lọ."

"Àbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan gan-an ò sí níbẹ̀."

Ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, àbí? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó ní òun fẹ́ lọ wo bóyá bátìrì jíìpù ń gbaná.

Ó wá rò ó pé bóyá tí obìnrin náà bá fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kó wá wo wínṣì. Igi kò sí nínú ọgbà wọn, wọ́n ti gé máńgòrò ibẹ̀ nítorí ewé, nítorí náà ó fi ìkọ́ okùn irin kọ́ òpó tí wọ́n so okùn aṣọ mọ́. Ó ṣàlàyé dáadáa, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: òpó á dúró, mọ́tò á sì fa ara rẹ̀ lọ bá a. Ó tẹ bọ́tìnì. Mọ́tò dúró, òpó ló ń bọ̀. Ó hú tòun ti kọnkéré ìdí rẹ̀, ó wọ́ okùn aṣọ lẹ́yìn, ó sì fa aṣọ funfun tí Susannah fẹ́ wọ̀ lọ gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ lọ́jọ́ kejì nínú eruku títí dé abẹ́ bọ́ńpà.

"Ó ṣiṣẹ́!" Ọ̀gá Theo pariwo.

Susannah ò bú u. Ó ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ àti lọ́dọ̀ aya, ẹ mọ̀ pé ó sàn kí wọ́n búni.

Ká ní èmi ni, mi ò bá ti wá ẹni tí màá ta gbogbo ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Theo ní orí kunkun. Ó ní òun á kọ́kọ́ dá lọ, òun á ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sílé, tí Mọ́mì Tìmí bá rí bó ṣe dára tó, á tẹ̀ lé òun nígbà mìíràn. Igbó wo ló wá máa lọ? Láyé tá a wà yìí, tí ajínigbé ń rìn kiri, kò sí olórí pípé tó máa lọ sùn sínú igbó tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá rántí ilẹ̀ ẹbí wọn lẹ́bàá Ìmùṣin, níbi tí bàbá rẹ̀ ti dáko, tí gbogbo ará abúlé sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé ènìyàn ń gbàṣẹ kó tó jókòó lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni? Bó ṣe rò ó nìyẹn o, ọkùnrin tó kàwé.

Bó ṣe ń lọ, inú rẹ̀ ò dùn sí ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo ilẹ̀ le, kò sí ẹrọ̀fọ̀ kankan tó lè fi dán jíìpù wò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilẹ̀ náà, ó já sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún ti dá ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ojú Ọ̀gá Theo tàn. Ó yí jíà sí ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó dorí jíìpù kọ ọ̀gọ̀dọ̀.

"Bàbá! Ọ̀nà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín o!" obìnrin kan ké sí i.

Ọ̀gá Theo juwọ́ sí i, ó kó wọ̀ ọ́. Ó gbàgbé láti ti fèrèsé. Omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan láti ọjọ́ pípẹ́ fò wọlé, ó sì fọ̀ ọ́ lójú mọ́ irùngbọ̀n. Jíìpù gun òkè lódì kejì wọ̀ọ̀! Inú ọkùnrin náà dùn, ó ṣẹ́rí padà, ó tún un gbà lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ fi í sílẹ̀," obìnrin mìíràn sọ, ó ń ro gàrí lọ. "Ó lè jẹ́ pé wọ́n rán nǹkan sí i ni."

Ó dé orí ilẹ̀, ó pàgọ́. Ó tó wákàtí kan tó fi ń bá ọ̀pá jà, ṣùgbọ́n àgọ́ dúró, ó rẹwà, ó ní yàrá méjì àti ìbòòji níwájú. Ó fi èèkàn irin kan okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ká. Nítorí pé ó ti rí i nínú fídíò pé okùn yẹn máa ń gbé ènìyàn ṣubú, ó fa akísà pupa tó fi ń nu mọ́tò ya, ó sì so ó mọ́ èèkàn kọ̀ọ̀kan kí ojú lè máa rí i. Ó ya fọ́tò, ó fi í ránṣẹ́ sílé: "Ibí tutù dáadáa. Ìwọ nìkan ló kù." Ó rí i lójú fóònù pé Susannah ti kà á. Ó dúró de èsì. Èsì ò dé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ó bá pa fóònù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Síkírù gun ọ̀kadà kọjá, ó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn. Ó rí Ọ̀gá Theo, ó dúró. Ó wo èèkàn. Ó wo akísà pupa. Ó wo ohun aláwọ̀ ewé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?"

"A dúpẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Yàrá mélòó ni?"

"Yàrá méjì, pẹ̀lú ibi ìjókòó níwájú," Ọ̀gá Theo dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan bèèrè.

"Ó dáa, sà," Síkírù sọ, ó sì sáré lọ.

Ẹ̀yin ará, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ lè gbá ọmọ ìyá yín létí, àwọn àgbà á bá yín parí ẹ̀. Ẹ má kàn ri èèkàn tó ní aṣọ pupa mọ́ ilẹ̀ ẹbí. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á ló ń ri í bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Síkírù jẹ́ yàrá méjì nígbà tó kúrò ní Ìmùṣin. Nígbà tó fi máa dé etí Àlhájà Ràmọ́tà ní Ayépé, ó ti di ilé alájà, wọ́n ti ń da kọnkéré àjà kejì.

Àlhájà Ràmọ́tà yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ọ̀gá Theo ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Oòrùn ò tíì rọlẹ̀ tán tí mọ́tò méjì fi já wọ orí ilẹ̀ náà. Àlhájà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Bàbá Joel, olórí ẹbí, tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, àwọn àgbà ẹbí mìíràn sì rọ́ jáde lẹ́yìn wọn. Ẹni tó kẹ́yìn ni Susannah, tòun ti sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti yà gbé e ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní kí ìyàwó náà wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ máa sọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá sí i. Ìyàwó ilé kì í lanu níbi tí ọmọ ilé bá ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

"Theophilus! Ta lo ta ilẹ̀ bàbá wa fún?" Àlhájà Ràmọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Súbúhánàlláhì! Tíṣà! Ẹni tá à ń fi yangàn!"

"Ilẹ̀ kẹ̀? Àǹtí mi, mi ò ta ilẹ̀ o!"

"Kí lèyí?" Ó na ọwọ́ sí èèkàn.

"Kí n má baà fẹsẹ̀ kọ ni."

Àwọn ẹbí wo ara wọn lójú. Bàbá Joel gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè dákẹ́. Ó fi ọ̀pá náà gún àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara àgọ́ tẹ̀ wọlé, ó tún yọ jáde. Ó tún un gún.

"Aṣọ ni," ó sọ.

"Aṣọ ni, bàbá. Àgọ́ ni. Mo kàn fẹ́ sùn síbí ni, màá sì ká a kúrò lọ́la."

"O ò nílé ni?"

"Mo nílé, sà."

"Òrùlé ń jò?"

"Kò jò, sà."

Bàbá Joel ronú. Ojú gbogbo wọn sì yí sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú Susannah. Kò sí ẹni tó ní láti bèèrè mọ́. Ọkùnrin tó nílé tí òrùlé rẹ̀ ò jò, tó wá ń sùn nínú aṣọ ní Ìmùṣin: bí kì í bá ṣe ilẹ̀ ló fẹ́ gbà, a jẹ́ pé ìyàwó ló lé e jáde. Àlhájà Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà dúró nínú sálúbàtà, ó dorí kodò, wọn ò sì gbà á láàyè kó gbèjà ara rẹ̀.

Ọ̀gá Theo rí ọ̀nà àbájáde gbàgàdà níwájú rẹ̀. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Wọ́n á káàánú rẹ̀, wọ́n á pàrọwà fún ìyàwó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á tán. Ó wo Susannah. Ìtìjú ti ń bo obìnrin náà lójú.

"Kò lé mi," ó sọ. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Èmi ni mo ń wá a. Nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́, a ò rí ara wa. A fẹ̀yìn tì, a ò tún rí ara wa. Mo rò pé tí mo bá rí ibì kan tí kò sí bẹ́ẹ̀dì, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, á jókòó tì mí, ká jọ máa wo òkùnkùn bó ṣe ń ṣú. Gbogbo ohun tí mo torí ẹ̀ ra ẹrù nìyẹn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí."

Ẹ ò rí i pé ó sàn kó ní òun ti ta ilẹ̀? Wọn ì bá mọ ohun tí wọ́n máa sọ sí ìyẹn. Ọkùnrin kan tó dàgbà, ọmọ Ọ̀nàfúwà, dúró níwájú olórí ẹbí, ó ní àárò ìyàwó tó wà nínú ilé rẹ̀ ń sọ òun! Bàbá Joel wúkọ́, ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò.

"Ṣé ẹ gbọ́?" Àlhájà Ràmọ́tà rí ohùn. "Ìfẹ́ ló kó wa wá sínú igbó! Mo fi ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ lórí iná o!" Ṣùgbọ́n ó ti ń fi etí gèlè nu ojú.

Bàbá Joel dájọ́. Ó ní kí wọ́n tú akísà pupa kúrò kíákíá kí ará abúlé má baà rí i. Ó ní tó bá di ọ̀la kí àgọ́ náà kúrò. Ó wá ní gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, ó tọ́ kí òun wọ inú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí ohun tí òun dá ẹjọ́ lé lórí. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tó ní, "Ó rọ̀ o." Wọ́n dúró, wọ́n dúró, ohun tó tún jáde níbẹ̀ ni ìhanrun. Ta ló fẹ́ jí olórí ẹbí? Àwọn ẹbí bá tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, Àlhájà ní kí wọ́n tan sítóòfù kékeré yẹn kí òun rí bó ṣe ń jó, ẹjọ́ ilẹ̀ ti di ìgbafẹ́.

Susannah kò bá wọn jókòó. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn jíìpù, níbi tó lọ sápamọ́ sí, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wo táyà. Ó dúró tì í. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn igi.

"Dádì Tìmí," ó sọ, "torí pé ẹ fẹ́ bá mi jókòó, ẹ lọ ra jíìpù?"

Ọ̀gá Theo ò lè gbójú sókè.

"Ẹ ò wá kàn pè mí?"

"Mo ń pè ọ́," ó dáhùn. "Alaalẹ́ ni mò ń pè ọ́ láti pálọ̀. O ti máa ń sùn."

Susannah fi ẹ̀yìn ti jíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá kan apá. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún un nù.

"Ẹ pè mí báyìí," ó sọ.

Ọkùnrin náà pè é ní Susannah, orúkọ tí kò pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bí Tìmílẹ́yìn.

Susannah sì jẹ́ ìpè náà.